Ìwáyà Létí Ọ̀sà, àti Ilé Kan tí a ti ń fi Agbálùmọ̀ Ṣe Áísìkíríìmù

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú Èkó tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì tẹ Ìwáyà rí. Wọ́n mọ Yábàá, wọ́n mọ Ẹbúté Mẹ́ta, wọ́n mọ Sùúrùlérè. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Ìwáyà, ohun tí ó ń wá sí ọkàn wọn kò ju ẹrẹ̀ àti èéfín ẹja lọ. Èmi pàápàá wà nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbàtí ìbátan mi obìnrin kan tí ó ń gbé ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé, “Bọ̀dá, ẹ wá wo ohun tí àwọn ará ilé tí ó kángun sí tiwa ń fi agbálùmọ̀ ṣe.” Mo rò pé eré ni. Agbálùmọ̀ tí mo ti ń jẹ láti kékeré, kí ni a lè fi ṣe tí ojú mi kò tíì rí? Ṣùgbọ́n nítorí pé ó pẹ́ tí a ti fi ojú kan ara wa, mo dìde, mo sì lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti èyí tí mo gbọ́, ni mo fẹ́ kọ sí yín lónìí.

Láti Sábó ní Yábàá ni mo ti wọ ọkọ̀ akérò kékeré kan. Ìhà yìí ni ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jọjọ ní Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Yaba Tech, ti wà láti ọdún 1947. Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, sì wà ní Àkọkà, tí Ìwáyà fi ẹ̀gbẹ́ tì í. Nítorínáà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba yàrá sí Ìwáyà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń tú jáde láti inú àwọn ọ̀nà tóóró, ìwé lábẹ́ apá, tí àwọn ìyá alákàrà àti àwọn oníbúrẹ́dì sì ń ké pè wọ́n ní ọ̀tún àti ní òsì.

Bí ọkọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà omi ni ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ilé sì ń fún mọ́ ara wọn. Níkẹyìn, ojú títì tán, ọ̀sà Èkó sì tẹ́ rẹrẹ níwájú mi. Lókèèrè ni afárá gígùn tí a ń pè ní Third Mainland nà gbọọrọ lórí omi. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Ọdún 1980 ni a ṣí apá kìíní rẹ̀, ọdún 1990 ni a sì parí rẹ̀. Nísàlẹ̀, nítòsí, ni àwọn ilé onígi wà tí wọ́n dúró lórí òpó láàárín omi, láti etí Ìwáyà títí lọ dé Mákòkó. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn, tí iṣẹ́ ẹja pípa jẹ́ iṣẹ́ baba wọn, ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ wọn, omi sì ni ìgboro wọn. Àwọn obìnrin wọn ń yan ẹja, èéfín sì ń gòkè lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ohun kan tí mo kíyèsí ni yìnyín. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, àwọn ọmọkùnrin a máa ti ọmọlanke tí ó kún fún òkúta yìnyín ńláńlá, tí a fi àpò ìdọ̀họ bò, kí oòrùn má baà tètè yọ́ ọ. Àwọn aláròóbọ̀ ẹja ni wọ́n ń rà á, kí ẹja wọn má baà rà kí ó tó dé ọjà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi yìnyín yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Ilé tí ìbátan mi mú mi lọ kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, tí àwọn ayálégbé wà lókè, tí àwọn onílé náà sì ń gbé ìsàlẹ̀. Bàbá ilé ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹbúté Mẹ́ta, níbi tí ó ti jẹ́ alágbẹ̀dẹ irin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá ilé ti jẹ́ olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: ọkùnrin kan tí ó ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, àti obìnrin méjì tí wọ́n tẹ̀lé e. Nígbàtí a wọlé, gbogbo wọn wà ní ẹ̀hìnkùlé yí apẹ̀rẹ̀ agbálùmọ̀ mẹ́ta ká.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá,” ni mo wí.

“Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú pé ọwọ́ wa kò mọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ́kọ́ fi omi tutù sí ọ̀fun.”

Agbálùmọ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan. Láti nǹkan bí oṣù Ọ̀pẹ títí di oṣù Igbe ni ó máa ń kún ojú títì wa, tí àwọn obìnrin a máa tò ó ní mẹ́rin-mẹ́rin tàbí márùn-ún-márùn-ún sórí àtẹ. Àwọn Haúsá ń pè é ní agwaluma, àwọn Ìgbò ń pè é ní udara, àwọn ará Ẹdó sì ń pè é ní otien. Bí a bá là á ní ìbú, irúgbìn inú rẹ̀ yóò tò yíká bí ìràwọ̀, nítorínáà ni àwọn òyìnbó fi fi ìràwọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ta ni nínú wa tí kò fi kóró rẹ̀ ta ayò rí ní kékeré, tàbí tí kò jẹ èèpo rẹ̀ títí tí ó fi di gọ́ọ̀mù lẹ́nu? Àwọn onímọ̀ nípa ewéko kà á mọ́ ẹgbẹ́ àwọn èso tí ara wọn rọ̀ tí irúgbìn sì wà nínú ẹran wọn, gẹ́gẹ́bí èso àjàrà àti tòmátì. Ohun ẹ̀rín ni pé sitọ́bẹ́rì, tí òyìnbó fi ń yangàn láàárín èso wẹ́wẹ́, kò sí nínú ẹgbẹ́ náà nínú ìwé àwọn onímọ̀ yìí.

Ìyá ṣàlàyé bí òun ti ń ra ọjà fún mi. Kì í ra agbálùmọ̀ tí a gun igi lọ ká. Èyí tí ó bá gbó tí ó já fúnra rẹ̀ ni ó máa ń dùn. Èyí tí a bá fi ipá já a máa kan, oje funfun rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ ètè. Nínú àwọn Ìgbò, ìlú mìíràn wà tí ó jẹ́ èèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni ká udara lórí igi. Kí gbogbo ènìyàn dúró de èyí tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ni òfin wọn. Ìyá a máa yẹ èso náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ní ihò tàbí ó ti fọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò bèèrè ìbéèrè kan tí ó máa ń ya àwọn olùtà lẹ́nu: “Níbo ni igi náà dúró sí?”

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, igi agbálùmọ̀ púpọ̀ ni ó wà láàárín oko kòkó. Àwọn àgbẹ̀ a sì máa fín oògùn sí kòkó nítorí kòkòrò. Oògùn náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkó àti agbálùmọ̀ tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó wà ní ẹ̀hìnkùlé tàbí ní igbó ni mo fẹ́.” Nítorínáà ni ó fi yan àwọn obìnrin mélòó kan láti ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń ṣa ti inú àgbàlá ara wọn, tí ó sì ń san owó tí ó ju ti ọjà lọ díẹ̀ fún wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà dá sí i pé òun ti fẹ́ kọ ọ́ sára ife wọn pé oúnjẹ wọn kò ní oògùn kankan, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń san owó gọbọi lé lórí ní òkè òkun, ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. “A gbà gbọ́ pé kò ní,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n a kò tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí a gbà gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí a mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, a ó sọ bí a ti rà á fún un.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lọ́kàn. Mélòó nínú àwa oníṣòwò ni ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ dín ìyìn ọjà rẹ̀ kù?

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n a fi omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù fọ èso náà. Wọ́n a là á, wọ́n a yọ kóró, wọ́n a fi ṣíbí ha ẹran inú rẹ̀ kúrò lára èèpo. Wọn kì í fún èèpo náà, nítorí inú rẹ̀ ni oje tí ń lẹ̀ wà. Wọ́n a gún ẹran náà, wọ́n a sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n a rin àgbọn, wọ́n a fún wàrà rẹ̀, wọ́n a gbé e kaná díẹ̀ pẹ̀lú oyin tàbí ṣúgà, wọ́n a sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí wọ́n tó da omi agbálùmọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Iyọ̀ díẹ̀ bíńtín àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó parí rẹ̀. Kò sí àwọ̀ inú ìgò, kò sí òórùn tí a rà.

Ṣùgbọ́n dídì rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí a bá kàn gbé e sínú fírísà, yóò le gbagidi bí òkúta, nítorí omi inú rẹ̀ yóò kó ara jọ di yìnyín ńláńlá. Bí a bá ń rò ó bí ó ti ń dì, yìnyín náà yóò wẹ́ bí iyẹ̀fun, afẹ́fẹ́ yóò sì wọ inú rẹ̀, yóò wá rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe èyí ni ó dá mi dúró. Kì í ṣe ẹ̀rọ oníná rárá. Garawa onígi ńlá kan ni, tí agolo irin tí kò lè dípẹtà wà láàárín rẹ̀, tí ọwọ́ irin kan wà lókè tí a fi ń yí i. Láàárín garawa àti agolo ni wọ́n ń da yìnyín fífọ́ sí, ìwọ̀n mẹ́ta yìnyín sí ìwọ̀n kan iyọ̀.

“Kí ni iyọ̀ wà fún?” ni mo bèèrè.

Bàbá dáhùn pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tí a bi ní ohun tí ó mọ̀. Ó ní omi lásán a máa dì ní ìwọ̀n 0 nínú ìwọ̀n ooru, ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ kò gbà láti dì níbẹ̀. Nígbàtí iyọ̀ bá bá yìnyín pàdé, yóò fi agbára mú un yọ́. Yíyọ́ náà yóò sì fa ooru kúrò lára ohunkóhun tí ó bá wà nítòsí rẹ̀, tóbẹ́ẹ̀ tí òtútù náà lè lọ sísàlẹ̀ 0 títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 21. Bẹ́ẹ̀ni ohun tí ó wà nínú agolo ṣe ń dì láìsí iná kankan. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1843 ni obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Nancy Johnson, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú garawa ọlọ́wọ́-yíyí bẹ́ẹ̀, kí iná mànàmáná tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Bàbá rí àwòrán rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ tirẹ̀, gẹ́gẹ́bí alágbẹ̀dẹ. Yìnyín tí wọ́n ń lò kò sì jìnnà: ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin oníyìnyín ẹja ni wọ́n ti ń rà á. Kò sì kan oúnjẹ, nítorí ìta agolo ni ó ń dúró.

Wọ́n fi ife kan fún mi. Ẹ̀yin ará, mo ti jẹ áísìkíríìmù rí. Àwa tí a dàgbà ní ìgbà tiwa kò lè gbàgbé àwọn ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ Fan Milk, tí wọ́n ń fọn fèrè kiri àdúgbò. Ọdún 1960 ni Erik Emborg, ará Dẹ́ńmáàkì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Ghana, kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ wa. Adùn tiwọn wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ kan, lẹ́yìn náà ó dùn, níkẹyìn adùn àgbọn sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo rántí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo rántí àpò ṣòkòtò mi tí ó kún fún kóró agbálùmọ̀.

Bí mo ti ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, Bàbá mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí igi kékeré kan wà nínú agbada amọ̀ fífọ́, tí èso pupa wẹ́wẹ́ bí ìka ọmọdé wà lára rẹ̀. Ó já ọ̀kan fún mi. “Ẹ lá a yí ẹnu ká, kí ẹ tu kóró rẹ̀ dànù.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó ní kí n fún un sẹ́nu. Mo dijú, mo sì ṣe ara gírí. Ṣùgbọ́n omi ọsàn náà dùn bí oyin! Gbogbo àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Àgbáyun ni èso náà, èyí tí àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́, tí wọ́n fi ń mú ẹ̀kọ kíkan àti ẹmu tí ó ti kan dùn lẹ́nu.

Ayé ti gbọ́ nípa àgbáyun ju bí àwa tí a ni ín ti rò lọ. Arìnrìn-àjò ará Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ des Marchais rí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1725. Ní ọdún 1852, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì pè é ní èso iṣẹ́ ìyanu. Ní ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ èròjà inú rẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ náà sọ́tọ̀. Àwọn oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti fi ṣe oúnjẹ fún àwọn tí ṣúgà kò bá lára mu, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ kò fún wọn láàyè ní ọdún 1974. Ní ọdún 2021, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ gbà pé kí a máa ta gbígbẹ rẹ̀ ní oúnjẹ. Ẹ wo bí èso tí a fi ń ṣeré ní ẹ̀hìnkùlé Ìwáyà ti rìn jìnnà tó! Àwa ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí a bá sọ fún ọmọ pé kí ó mú adùn kan, sitọ́bẹ́rì ni yóò dárúkọ, èyí tí kò rí igi rẹ̀ rí. Lótitọ́, àwọn àgbẹ̀ ń gbin sitọ́bẹ́rì gidi ní orí òkè Jọ́ọ̀sì, nítorí òtútù ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń jẹ ní Èkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju àwọ̀ àti òórùn inú ìgò lọ.

Mo wá bèèrè ohun tí ó ti wà lọ́kàn mi. Fírísà ńlá kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, ó sì ṣófo, aṣọ títẹ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Èéṣe tí ẹni tí ó ní fírísà fi ń yí garawa? Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọkùnrin náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́, nítorí ẹ̀bi tèmi ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.”

Ní ọdún tí ó kọjá, wọ́n kó gbogbo owó wọn jọ, wọ́n ra agbálùmọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní òpin àsìkò rẹ̀, wọ́n yọ ẹran rẹ̀, wọ́n sì kó o sínú fírísà, kí wọ́n lè máa ta á nígbàtí ẹnikẹ́ni kò ní rí agbálùmọ̀ mọ́. Ọgọ́ta ike ni. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ti san owó sílẹ̀ fún igba ife. Nígbàtí ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ìgbéyàwó náà pé, tiransifọ́mà àdúgbò jó. Òkùnkùn bo gbogbo òpópónà wọn. Ní alẹ́ méjì àkọ́kọ́ wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, ẹ̀yin náà mọ iye tí a ń rà á. Ní ọjọ́ kẹta owó epo tán. Wọ́n fi àkísà àti bébà di fírísà náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìyá ṣí i, ó ki ìka bọ inú ike kan. Ó ti yọ́, ó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni iná dé.

Ọmọkùnrin náà ní, “Inú mi dùn. Mo ní, Màmá, kí a tètè ti fírísà. Yóò tún dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Adùn rẹ̀ kò yí padà, mo ti tọ́ ọ wò. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀.”

Ìyá kò gbà. Ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ọ̀pọ̀ ọdún ni ó tún kọ́ tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà: pé òtútù kì í pa kòkòrò àrùn, ó kàn ń mú wọn sùn ni. Bí oúnjẹ bá ti yọ́ tí ó sì dúró ní ibi tí kò tutù, wọn yóò jí, wọn yóò sì bí sí i. Bí a bá tún mú un dì, gbogbo wọn yóò tún sùn, ṣùgbọ́n iye wọn kò ní dín, inú ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ni wọn yóò sì ti jí. Ọmọ náà jiyàn. Ó ní owó ilé ìwé òun wà nínú ike wọ̀nyí. Òtítọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. Bàbá sì dákẹ́, nítorí ó mọ iye tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ìyá wá ní, “Ọmọ mi, o ní ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ni, ojú rẹ̀ kò ní mọ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ yóò mọ̀, àwa náà yóò sì mọ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.”

Ní alẹ́ náà, ọmọkùnrin yìí ni ó ru ike ọgọ́ta náà lọ sí ẹ̀hìnkùlé, tí ó sì dà wọ́n sínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun sunkún, kì í ṣe nítorí agbálùmọ̀, bíkòṣe nítorí ìbínú sí ìyá òun. Ní òwúrọ̀, Ìyá tọ ìyá ìyàwó lọ, ó mú owó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí. Obìnrin náà kò fi ẹ̀rín gbà á. Ó ku ọjọ́ kan kí àlejò dé, kí ni yóò fi pọ́n wọn lé? Ó gba owó rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ó ro Ìyá lára. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi san gbèsè náà. Ọmọkùnrin náà dúró sílé fún sáà kan kí ó tó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Láti inú ìṣòro yìí ni garawa Bàbá ti jáde. Wọ́n pinnu pé àwọn kò tún ní kó agbálùmọ̀ pamọ́ mọ́. Ìwọ̀n tí a lè tà ní ọjọ́ kan ni a ó máa ṣe ní ọjọ́ kan. Nígbàtí àsìkò agbálùmọ̀ bá kọjá, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àgbọn ni wọ́n ń lò. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ti agbálùmọ̀, kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀. Mo bi wọ́n bóyá àwọn oníbàárà gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé àwọn baba wa kò dúró dè é ni? Èyí tí a dúró dè ni ó ń dùn.”

Èrè wọn kò tíì pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pọ̀ jù nínú oníbàárà wọn, owó wọn kò sì pọ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ máa di í sínú ike tí a lè tà ní ilé ìtajà ńlá, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Owó àti ètò ni ọ̀ràn náà ń fẹ́. Wọ́n ń tu owó rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀ nínú kóló.

Kí n tó dìde, ọmọdébìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sì jíṣẹ́ pé, “Ìyá àgbà ní kí n kí yín, Màmá. Wọ́n ní ìkómọ yóò wà ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ọgọ́rin ife agbálùmọ̀.” Mo wo ojú Ìyá, mo sì rí i pé ó yí padà. Ìyá ìyàwó ọjọ́sí ni ó rán an wá. Ìyàwó ọjọ́ náà ti bímọ. Ọmọkùnrin náà kò sọ ohunkóhun. Ó kàn mú ìwé wọn, ó kọ ọgọ́rin sínú rẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbàtí mo padà sí ojú títì. Àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ ń wọlé, iná àwọn ọkọ̀ sì ń tàn lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí afárá. Lẹ́yìn mi ni mo ń gbọ́ kíríkírí garawa náà, bí ẹnìkan ti ń yí i. Ẹ̀yin òbí, a ti sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n wá iṣẹ́ tí ó lérè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n rí wa pẹ̀lú ní ọjọ́ tí a da ọjà tiwa nù nítorí ikùn ọmọ ẹlòmíràn, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ fi ń mọ ohun tí òwò jẹ́. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì gbé yín dé Ìwáyà kí òjò tó dé, ẹ bèèrè ilé tí a ti ń yí garawa. Ẹ yára lọ, nítorí ti ọjọ́ kan kì í kù di ọjọ́ kejì.